Ọdún tí Bàbá Mi Fi Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Pààrọ̀ Ohùn

Ọmọkùnrin kan ń ta ẹ̀rọ orin níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìgbókòdá níbí. Láti àárọ̀ tí mo bá ti gbé agbọ̀n edé mi sílẹ̀ títí tí mo fi máa dì í padà, kò sí iṣẹ́ tó ń ṣe ju kó máa yí ohùn sókè lọ. Ìgbà mìíràn, edé inú agbọ̀n mi á máa jó. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ gbọ́ bàsì yẹn? Kò sírú ẹ̀ ní gbogbo Ìlàjẹ." Mo ní mo gbọ́. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó pa jẹnẹrétọ̀ ná, kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Ó wò mí bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó ń lúwẹ̀ẹ́. "Mọ́mì, tí mo bá pa jẹnẹrétọ̀, kí ló máa gbé e?" Mo ní, "Ìyẹn ni kó o lọ rò." Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kó pa jẹnẹrétọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi. Ìyá bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́, nínú ilé wa tó dúró lórí òpó nínú omi, lọ́dún tí bàbá mi gbé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kan ṣoṣo tí a ní lọ pààrọ̀ àpótí irin méjì. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ọdún náà báyìí, torí àwọn tó wà níbẹ̀ ń dín kù, àwọn tó sì kù ń parọ́ nípa rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Apá Etikan ni ilé wa wà. Pátákó ni ilẹ̀ ilé, omi ni àgbàlá, ẹni tó bá sì fẹ́ kí aládùúgbò, ọkọ̀ ló máa wọ̀. Àwọn ará òkè máa ń sọ pé ẹ̀bá omi dákẹ́ rọ́rọ́. Mi ò kì í bá wọn jiyàn. Ẹni tí kò sùn síbẹ̀ rí lè sọ ohun tó bá wù ú. Nílé wa, omi ń gbá òpó lábẹ́ ẹní rẹ títí ilẹ̀ fi máa mọ́, adìyẹ ń rìn lórí pátákó bí ẹni tó wọ bàtà ọdún, bàbá mi ń hanrun, ìyá mi sì ń bá a jà láti ojú oorun. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìró àkọ́kọ́ ni ti ọ̀bẹ ìyá mi tó ń ha ara púpurú, ẹ̀gẹ́ tí a mọ róbótó tí èéfín ti sọ di dúdú lókè ààrò, kó tó gún un, kó tó rò ó fún wa. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ́ńjìnì ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké lójú odò, tẹni tó ń lọ sókun àti tẹni tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìyá bàbá mi ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyé ni gbogbo wa ń pè é. Ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀! Á jókòó ti òpó ilé, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan òpó náà, torí ó ní omi máa ń gbé ìró wá kí afẹ́fẹ́ tó rántí. Bí ọkọ̀ bá ṣì wà lẹ́yìn igi ẹ̀gbà etí odò, tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí i, Ìyé ti mọ ọlọ́kọ̀. "Ìyá Dọ̀tun, gbé omi kaná, ọkọ rẹ ti dé kọ́nà." Ìyá Dọ̀tun, tó ń gbé ilé tó kọjú sí tiwa, kì í wo ojú odò rárá, ẹnu Ìyé ni aago rẹ̀. Lọ́jọ́ kan Ìyé ní, "Ọkọ rẹ ń bọ̀, àmọ́ òun nìkan kọ́ ló wà nínú ọkọ̀ yẹn, ó wúwo." Ìyá Dọ̀tun kò gbé omi kaná lọ́jọ́ náà. Igi ìdáná ló gbé, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹja ló pọ̀ nínú ọkọ̀. Ọkùnrin yẹn ti gba igi kan lẹ́yìn kí wọ́n tó ṣí apẹ̀rẹ̀ wò.

Nítorí etí yìí, kò sí ẹni tó ń ra ẹ́ńjìnì ní odò wa láìkọ́kọ́ gbé e wá sábẹ́ ilé wa. Wọ́n á fà á kó ké, Ìyé á fọwọ́ kan òpó, á ní, "Ó dára," tàbí, "Kò dára," ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó ń tà kò gbọdọ̀ bínú, ẹni tó ń rà kò gbọdọ̀ ṣiyèméjì. Kì í gba ẹ̀bùn, kì í sì í fi àánú gbọ́ ọ. Ó ní òun ti fi àánú gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan rí, nígbà tí àbúrò òun ọkùnrin ra ẹ́ńjìnì kan tí inú rẹ̀ ń dùn sí bí ìyàwó tuntun. Òun gbọ́ nǹkan tó ń ha nínú rẹ̀, òun sì ní ó dára, kí inú ọmọ náà má bàa bàjẹ́. Ẹ́ńjìnì náà kú sí i lọ́wọ́ lójú òkun. Ọkọ̀ nìkan ni wọ́n rí. Ìyé kì í sọ ìtàn yẹn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún, kì í sì í gùn ju bí mo ṣe sọ ọ́ yìí lọ.

Bàbá mi ló jogún etí náà. Ọgbọ́n tó yẹ kó bá etí rìn, ó jọ pé ó rì sódò nígbà tí wọ́n ń kó o bọ̀. Apẹja ni, akọrin sì ni nínú ìjọ wa, ohùn ìsàlẹ̀ ló máa ń gbà. Bí a bá ń jẹ púpurú pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó tí ẹnì kan fi ìgbákọ kan ìkòkò, á dáwọ́ oúnjẹ dúró, á ní ìkòkò yẹn àti orin tí àwọn kọ ní ọjọ́ ìsinmi ọ̀hún jọ wà lójú kan náà. Ìyá mi á ní kó wá jẹ ìkòkò náà, kóun kó ẹja òun padà. Ọkùnrin kan sì wà tí à ń pè ní Kúùkù, torí pé ó ti se oúnjẹ fún àwọn òyìnbó nínú ọkọ̀ epo ní apá Awoye. Nígbà tí iṣẹ́ parí, òyìnbó kan tó ń padà sílé fi ẹ̀rọ orin rẹ̀ ta á lọ́rẹ: àpótí irin dúdú méjì, wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀, àti sípíkà méjì tó ga tó èmi fúnra mi. Kúùkù kò mọ ohun tó máa fi wọ́n ṣe. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ló ń wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi lọ sílé rẹ̀ láti lọ yá okùn àwọ̀n. Wọ́n ní orin kan ṣoṣo ló gbọ́ níbẹ̀. Ó gbé ẹ́ńjìnì lọ, ó gbé àpótí méjì, sípíkà méjì àti àjẹ̀ bọ̀.

"Bàbá Bọ̀sẹ̀," ni ìyá mi wí, torí èmi ni Bọ̀sẹ̀, "ẹ́ńjìnì dà?"

"Fara balẹ̀ ná. Wá gbọ́ nǹkan."

"Etí mi rèé. Ẹ́ńjìnì dà?"

Bàbá mi ṣàlàyé. Ó ní áńpílífáyà ni, àti pé kì í ṣe irú èyí tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí kan. "Àpótí kan, sípíkà kan. Èyí ń gbé ti ọ̀tún, èyí ń gbé ti òsì. Ọ̀kan kì í dá sọ́rọ̀ èkejì."

"Bí èmi àti ẹ̀yin báyìí. Kí wá ni iṣẹ́ wọn?"

"Wọ́n ń gba ohùn kékeré, wọ́n ń sọ ọ́ di ńlá."

Ìyá mi wo ilé yíká. Ó wo Ìyé, ó wò mí, ó wo àwọn adìyẹ. "Nínú ilé yìí," ó ní, "ohùn ta ló kéré?"

Àdéhùn kan wà ṣá. Bàbá mi kò ya wèrè tán. Òun àti Kúùkù ti jọ sọ ọ́ pé kí Ìyé gbọ́ ẹ̀rọ náà kí ọjọ́ méje tó pé. Bí Ìyé bá ní kò dára, kálukú á gba tirẹ̀ padà. Bó bá ní ó dára, pààrọ̀ ti di pààrọ̀. Ìyé ní òun á gbọ́ ọ ní ọjọ́ kẹfà, kóun lè fi ọjọ́ márùn-ún gbọ́ aáwọ̀ tọkọtaya ná. Àkókò edé nìyẹn, àkókò tí obìnrin odò wa ń wá ohun tí ilé á jẹ títí ọdún á fi yípo. Ìyá mi ti máa ń bá ẹ́ńjìnì yẹn dé Ìgbókòdá kí oòrùn tó yọ dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ náà, àjẹ̀ la fi lọ. Mò ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀, ó ń wà á, ó sì ń bá àjẹ̀ náà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé bàbá mi ni. Nígbà tí a dé, àwọn oníbàárà ti rà tán lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹja tútù wa ti rọ̀ débi pé kò ṣeé fọwọ́ mú mọ́. Ó da díẹ̀ nù, ó sì dákẹ́ ní gbogbo ọ̀nà. Ìyá mi tó dákẹ́! Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí lọ́dún yẹn.

Nílé, áńpílífáyà ń gbóná bí ààrò. Bàbá mi ní bí ẹ̀rọ gidi ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Òjò sì ń rọ̀ lójoojúmọ́, igi ìdáná tutù, ìyá mi bá sá edé sórí àpótí méjèèjì, ọ̀tún àti òsì.

"Ìyá Bọ̀sẹ̀! Edé lórí áńpílífáyà!"

"Ẹ má bínú. Mo rí i pé ọwọ́ wọn dilẹ̀ ni."

Ní ọjọ́ kẹta, Kúùkù rán ọkùnrin kan sí wa láti Ìgbókòdá, pé kó wá jẹ́ ká mọ iyì ẹ̀rọ náà, kó sì wá ṣẹlẹ́rìí òun lọ́jọ́ kẹfà. Iṣẹ́ wáyà iná ló ń ṣe. Ẹnjiníà ló ní ká máa pe òun, bírò mẹ́ta sì wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀ tí a kò rí i kó fi ọ̀kankan kọ nǹkan. Bàbá mi tan jẹnẹrétọ̀ ìjọ, tó máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àwọn akọrin, sí ẹ̀gbẹ́ ojú fèrèsé. Ẹnjiníà di ojú. "Ẹ gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe wà láàárín ohùn kan sí èkejì," ó ní. Ìyá mi ní afẹ́fẹ́ wà, láàárín pátákó ni. "Ó gbẹ lókè, ó tutù nísàlẹ̀." Ìyá mi ní kó ká ẹsẹ̀ sókè, omi ń kún ni. "Ẹ wá gbọ́ ìdákẹ́ ẹ̀, ìdákẹ́ ẹ̀ dúdú. Dúdú kirikiri!" Gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ yìí, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù, èmi sì di ojú bíi tirẹ̀, mò ń wá ìdákẹ́ dúdú kiri títí mo fi sùn lọ. Mo ti rí irú Ẹnjiníà yẹn púpọ̀ lọ́jà láti ìgbà náà. Ẹni tí kò rí nǹkan kan tọ́ka sí ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dùn jù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, ìyá mi kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyé níbi ààrò. Mò ń lọ ata lórí ọlọ, mo sì ṣe bí ẹni tí kò létí.

"Ìyé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kàn sọ pé kò dára. Ọ̀rọ̀ méjì péré."

"Mi ò tíì gbọ́ ọ."

"Bí ẹ bá gbọ́ ọ ńkọ́? Kí ni a máa jẹ? Ṣé orin ni mo máa rò sínú omi gbígbóná fún àwọn ọmọ?"

Ìyé fa ẹja kan jáde lókè ààrò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà. "Ìyàwó mi, bí mo bá bá ọ parọ́ lónìí, lọ́la tí ọkọ rẹ bá wà lójú òkun tí mo ní ó ń bọ̀, ṣé wàá gbé omi kaná?"

Ìyá mi dìde. Ó lọ gbá ibi tó ti gbá tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, ọkọ̀ ti yí ilé wa ká. Gbogbo odò fẹ́ gbọ́ ohun tí Ìyé máa sọ, Ìyá Dọ̀tun sì wà níwájú, ó jókòó sínú ọkọ̀ tirẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo. Bàbá mi fi kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà níbi ìsìn ìdúpẹ́ ìjọ wa sẹ́nu rédíò kásẹ́ẹ̀tì wa, tó ti so mọ́ àpótí méjèèjì. Ó tan jẹnẹrétọ̀. Ìyé ní, "Ẹ pa ìyẹn, mo fẹ́ gbọ́ tibí." Wọ́n pa á. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Ìyé dúró, dúró. "Ó ti bẹ̀rẹ̀?" Ẹnjiníà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé ohun tí wọ́n pa ló ń gbé èyí tó fẹ́ gbọ́. Ìyé ní, "Ẹ wá ń fi ariwo gbé orin, ẹ sì ń bi mí bí orin ṣe rí?"  Ìgbà tí àwọn ọkùnrin àti oníbírò mẹ́ta rò ó títí, wọ́n kó gbogbo wáyà odò wa jọ, wọ́n so ó mọ́ra, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n ní kí wọ́n wà á lọ jìnnà dé ẹnu odò. Ṣùgbọ́n omi ti ń fà lọ sókun, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó nínú ọkọ̀ yẹn kó máa fi àjẹ̀ dá a dúró. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ gbọ́ orin. Ìyá mi nìkan ni kò fẹ́. Ó mú àjẹ̀, ó bá ti jẹnẹrétọ̀ jókòó, ó sì lọ bí ẹni tó ń wa ara rẹ̀ lọ sí itẹ́ òkú.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ìyé fọwọ́ kan òpó. Mo ti ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ohùn kọ̀ọ̀kan dúró ní àyè tirẹ̀, bí ẹni pé gbogbo akọrin náà wọ ilé wa, wọ́n dúró lórí pátákó, pátákó kò sì ké. Mo wo bàbá mi. Omi wà lójú rẹ̀, ó sì ń wo ìyá rẹ̀ bí ọmọdé tó gbé ẹja àkọ́pa wálé.

"Ta ló ń wúkọ́ lẹ́yìn ohùn ìsàlẹ̀ yẹn?" Ìyé béèrè.

"Èmi ni, Ìyé."

"O ní o ò níkọ́ nígbà yẹn." Ó tún tẹ́tí. "Ìyá Dọ̀tun."

"Ẹ̀ẹ̀, Ìyé."

"Mo gbọ́ gbogbo àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀, mi ò gbọ́ ọ. Ẹnu lásán lò ń là."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín débi tí ọ̀kan fẹ́ẹ̀ dojú dé. "Ọ̀fun ló ń dùn mí lọ́jọ́ náà o!" ni Ìyá Dọ̀tun pariwo.

"Lọ́jọ́ náà nìkan?"

Orin àkọ́kọ́ parí. Ìyé mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dára. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò gbọ́ ohun tó mọ́ tó báyìí rí."

Ẹnjiníà fò sókè. "Ọ̀rọ̀ parí! Pààrọ̀ ti di pààrọ̀!"  Mo rí ìyá mi lọ́kàn mi pẹ̀lú àjẹ̀ àti ẹja rírọ̀, lọ́dọọdún.

Ìyé na ọwọ́. "Ẹ dákẹ́. Ẹ̀rọ yín mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, ẹ fara wé e." Ní àlàfo orin kìíní àti ìkejì yẹn, nínú ìdákẹ́ tí mo ti wá títí tí mo fi sùn lọ, èmi náà gbọ́ ọ, láti òdìkejì kọ́nà: *tọ-tọ-tọ-tọ*. "Ẹ́ńjìnì wa nìyẹn," Ìyé wí. "Kúùkù ló ń wà á. Iyanrìn ló ń mu, omi tó yẹ kó tù ú lára kò wọlé sí i. Kò ní dé ẹnu odò." Gbogbo ọmọ odò wa ló mọ̀ pé bí omi bá fà, èèyàn gbọ́dọ̀ gbé ìdí ẹ́ńjìnì sókè kó má bàa walẹ̀. Ìkòkò ni Kúùkù mọ̀. *Tọ-tọ-tọ*, ó di *kẹ̀, kẹ̀*, ó di òfo.

Orin ìkejì bẹ̀rẹ̀, kò sì dé ibì kan. Wáyà tó wà lórí pátákó fà le tan-an, ó fò, orin kú, jẹnẹrétọ̀ náà sì dákẹ́ lọ́hùn-ún. Ìyá mi ti pa á, ó sì ti wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi tí Kúùkù wà. Bí omi bá dákẹ́, ohùn máa ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni rìn lórí ẹní. A gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ìyá Bọ̀sẹ̀! Ìyàwó wa! Ẹ gbà mí o!"

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Kúùkù! Ẹ́ńjìnì kú, mi ò mú àjẹ̀ dání!"

"Àjẹ̀ kẹ̀? Ṣé ẹni tó ní ẹ́ńjìnì ń wá àjẹ̀ ni?"

"Omi ń gbé mi lọ sókun!"

"Mo rí i. Ó ń gbé yín lọ jẹ́jẹ́. Ìdákẹ́ ẹ̀ tiẹ̀ dúdú."

"Ẹ jọ̀ọ́! Kí lẹ fẹ́?"

"Mi ò fẹ́ nǹkan kan. Mò ń béèrè ni: ẹ́ńjìnì ta ló wà nídìí ọkọ̀ yín yẹn?"

Kúùkù kùn nǹkan kan sínú.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, Kúùkù. Mi ò ní áńpílífáyà níbí."

"Tiyín ni! Ẹ́ńjìnì yín ni! Mo ti dá a padà! Màá wá kó tèmi lọ́la!"

Nínú ilé, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ẹnjiníà. Ó fọwọ́ kan bírò rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Mo gbọ́," ó wí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìyé sì yọ ọwọ́ kúrò lára òpó. "Èyí náà dára," ó ní.

Àwọn kan ṣì ń sọ ní odò wa títí di òní pé ìyá mi fẹ́ kí Kúùkù rì. Irọ́ ni. Láti ìgbà tó ti ké "ẹ gbà mí" ni mo ti ń gbọ́ àjẹ̀ ìyá mi nínú omi, kò sì dúró lẹ́ẹ̀kan. Ó kàn wà á bí obìnrin tí kò ní ẹ́ńjìnì ṣe ń wà á ni. Ìgbà tí wọ́n dé abẹ́ ilé, okùn wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì, Kúùkù jókòó bí ẹrù, ẹ́ńjìnì wa sì ń kán omi ẹlẹ́rẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Kúùkù wá kó ẹrù rẹ̀. Bàbá mi ti nu àpótí méjèèjì, ó ti ṣa edé kúrò nínú àwọn ihò orí wọn.  Ìgbà tí Kúùkù gbé ọ̀tún, tó fẹ́ gbé òsì, Ìyé ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn tán ná." Kúùkù gbé ọ̀tún padà sáyè rẹ̀. Kí bàbá mi tó ronú ta ló máa bẹ̀, ìyá mi ti gbé wáyà, ó ti wọ ọkọ̀ jẹnẹrétọ̀, ó sì ti ń wà á lọ sí ẹnu odò, ó ń kùn pé iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀. Ó fi àjẹ̀ dá ọkọ̀ yẹn dúró láti orin kìíní dé èyí tó kẹ́yìn. Mo ti dàgbà kí n tó ronú kan ibi tó jókòó sí. Nínú gbogbo odò wa, òun nìkan ni kò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ méjèèjì, torí ẹ̀gbẹ́ ariwo ló wà.

Ìgbà tó padà dé, ó so ọkọ̀ mọ́ òpó, ó gbé ojú sókè sí bàbá mi. "Báwo ló ṣe rí gan-an?"

Bàbá mi la ẹnu. Mo rò pé ọ̀rọ̀ Ẹnjiníà ló máa bọ́ síta, afẹ́fẹ́ àti òkùnkùn. Ó pa ẹnu dé, ó tún un là. "Ó dà bí ìgbà tí gbogbo ènìyàn wà nílé," ó ní.

Ìyá mi gbé àjẹ̀ sílẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ lọ fọ ẹ́ńjìnì."